Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Ọmọ Tí Ń Bẹ̀rù Oníṣègùn Eyín

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ eyín ọmọdé ni, àwọn kan a sì máa wí pé eyín tí yóò ṣáà já kò tó ohun tí à ń da ara ẹni láàmú sí. Ṣùgbọ́n òbí tí ó bá ti jókòó ti ọmọ tí eyín ń dùn láti ọ̀gànjọ́ òru títí ilẹ̀ fi mọ́ kò ní pè é ní ọ̀rọ̀ kékeré. Ọmọ náà kò lè jẹun, kò lè sùn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi ọkàn sí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Síbẹ̀, bí a bá ti dárúkọ oníṣègùn eyín, kíá ni yóò pa ẹkún mọ́, yóò sì wí pé eyín náà kò dun òun mọ́. Ẹ̀rù ti borí ìrora. Nípa ẹ̀rù yìí ni a fẹ́ bá yín sọ, àti nípa ohun-èlò titun kan tí àwọn oníṣègùn ń lò láti fi mú un fúyẹ́.

Ìdádúró ni ẹ̀rù náà ń fà. Ihò kékeré tí à bá dí ní ìjókòó kan a máa jìn sí i, títí yóò fi dé inú eyín lọ́hùn-ún, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára wà. Lẹ́yìn èyí, ọyún lè gba ibẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè wú, ibà lè mú ọmọ náà. Bí a kò bá sì tètè tọ́jú rẹ̀, àrùn náà lè tàn dé ọrùn tàbí kí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí ọ̀rọ̀ eyín sì di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Nígbà tí a bá tó gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, iṣẹ́ tí kò bá tó nǹkan ti di yíyọ eyín, ìrora rẹ̀ sì pọ̀. Báyìí ni ẹ̀rù ṣe ń bí ìdádúró, tí ìdádúró ń bí ìrora, tí ìrora sì tún ń bí ẹ̀rù tí ó ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni eyín àkọ́hù kì í ṣe ohun àpatì. 20 ni wọ́n. Èyí àkọ́kọ́ nínú wọn a máa yọ ní nǹkan bí oṣù 6 lẹ́yìn tí a bí ọmọ, gbogbo wọn a sì máa pé ní nǹkan bí ọdún 3. Àwọn ni ọmọ fi ń jẹun, àwọn ni ó fi ń pe ọ̀rọ̀ kí ó já gaara, àwọn kan náà ni ó sì ń pa àyè mọ́ fún eyín àgbà tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò fiyè sí. Nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí ọdún 6, eyín ńlá kan a máa yọ lẹ́yìn àwọn yòókù, lókè àti nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, láìjẹ́ pé eyín kankan já kí ó tó yọ. Àwọn òbí a máa rò pé eyín ọmọdé ni, bẹ́ẹ̀ eyín àgbà ni í ṣe. Bí ó bá bàjẹ́, òmíràn kò ní rọ́pò rẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí a mú dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ní ọjọ́-orí yìí lè tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù eyín tí ìbá bá a dalẹ́.

Ní apá ọ̀dọ̀ wa, ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, a ní láti dúpẹ́ pé ìtọ́jú kò jìnnà sí wa bí ó ti jìnnà sí àwọn baba wa. Ní ọdún 2015 ni a dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UNIMED sílẹ̀ ní ìlú Oǹdó, ilé-ìwòsàn ìkọ́ni sì wà ní ìlú méjèèjì. Níbẹ̀ ni a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò di oníṣègùn eyín. Ẹni tí ń gbé ní Ọ̀wẹ̀nà tàbí ní Bọ́lọ́rundúró, lójú ọ̀nà tí ó so ìlú méjèèjì pọ̀, lè yàn láti lọ sí ìhà tí ó bá wù ú. A mọ̀ pé owó ọkọ̀ àti owó ìtọ́jú ń di àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́, a kò sì fojú kéré ìṣòro wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn wà tí ilé-ìwòsàn kò jìnnà sí, tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ baba rẹ̀, tí ẹ̀rù nìkan ṣoṣo sì dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Kì í ṣe òní ni àwọn oníṣègùn ti ń wá ọ̀nà tí ìrora eyín yóò fi dínkù. Ní ọdún 1844, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, oníṣègùn eyín kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Horace Wells fa afẹ́fẹ́ kan símú, ó sì ní kí a yọ eyín òun láti fi dán an wò. Ní ọdún 1846, William Morton, tí òun pẹ̀lú jẹ́ oníṣègùn eyín, fi ether mú aláìsàn kan sùn ní ìlú Boston lójú àwọn ọ̀gá oníṣègùn. Ní ọdún 1943, Nils Löfgren ṣe oògùn lidocaine ní ilẹ̀ Sweden, èyí tí a ṣì ń gún sí èrìgì títí di òní kí ibẹ̀ lè kú, kí aláìsàn má sì mọ ìrora. Gbogbo ìwọ̀nyí ni a ṣe nítorí ìrora. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù a máa ṣáájú ìrora dé. Ọmọ a ti máa gbọ̀n kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kàn án, abẹ́rẹ́ tí ó yẹ kí ó gbà á lọ́wọ́ ìrora gan-an ni ó sì ń bẹ̀rù jù. Nítorí ẹ̀rù yìí ni ohun-èlò tí a ń sọ nípa rẹ̀ ṣe wúlò.

Awò ńlá kan ni, tí a ń dè mọ́ ojú bí ìgbà tí a bá de gèlè yí orí ká. Nínú rẹ̀ ni gíláàsì kékeré méjì wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ojú kọ̀ọ̀kan, níwájú àwòrán tí ń rìn. Àwòrán tí ojú ọ̀tún ń rí yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí ojú òsì ń rí, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nígbà tí a bá ń wo ayé fúnra rẹ̀. Nítorí náà ọpọlọ a gbà pé ohun tí òun ń wò ní jíjìn àti sísúnmọ́. Bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ bá yí orí, àwòrán náà a yí pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ tí ó dùbúlẹ̀ lórí àga oníṣègùn lè tipa bẹ́ẹ̀ wà nínú omi òkun láàrin àwọn ẹja, tàbí nínú igbó láàrin àwọn ẹyẹ, orin a sì máa dún sí i létí. Virtual reality ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Ivan Sutherland, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ti ṣe irú awò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1968, ṣùgbọ́n ti ìgbà náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti so ó kọ́ sí àjà ilé. Lónìí, ọmọdé lè gbé e sórí. Ní ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ Google tilẹ̀ mú irú èyí tí a fi páálí ṣe jáde, tí a ń ki fóònù bọ̀ nínú.

Àwọn tí iná jó ni a kọ́kọ́ fi ràn lọ́wọ́ nípa ìrora. Láti ọdún 1996 ni Hunter Hoffman àti David Patterson ti Yunifásítì Washington, ní ìlú Seattle, ti bẹ̀rẹ̀ sí lò ó fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, nígbà tí a bá ń tọ́jú ojú ọgbẹ́ wọn. Wọ́n ṣe ayé oníyìnyín kan fún wọn, tí aláìsàn á máa ju òkò yìnyín bí ó ti ń kọjá lọ láàrin òkè. Ní ọdún 2001, àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn kọ̀wé nípa àgbàlagbà méjì tí a fọ eyín wọn dé abẹ́ èrìgì. Ìrora tí àwọn méjèèjì ròyìn kéré nígbà tí wọ́n wọ awò náà ju ìgbà tí wọ́n ń wo sinimá lásán lọ. Ènìyàn méjì kò tó láti fi ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti dán an wò lára àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Íńdíà, ní Turkey, ní Saudi Arabia àti ní ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdánwò náà fi hàn pé ẹ̀rù àti ìrora dínkù lára àwọn ọmọ tí ó lò ó. Púpọ̀ nínú wọn kéré, ọ̀nà tí a sì gbà ṣe wọ́n kò dọ́gba; nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbà á gẹ́gẹ́ bí ìrànlọ́wọ́ tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé níwọ̀n, kí a má sì pè é ní iṣẹ́ ìyanu.

Ìdí tí ó fi ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro fún wa láti lóye. Ní ọdún 1965, Ronald Melzack àti Patrick Wall kọ́ni pé ìròyìn ìrora kì í ṣe ohun tí ń lọ tààrà sí ọpọlọ bí omi nínú ọ̀pá. Ó dà bí ẹni pé ẹnu ibodè kan wà nínú ọ̀pá-ẹ̀yìn tí ó lè ṣí sílẹ̀ tàbí kí ó sé, ọpọlọ fúnra rẹ̀ sì lè rán iṣẹ́ wá pé kí a sé e. Ọkàn tí ó kún fún nǹkan mìíràn kò ní àyè púpọ̀ fún ìrora. Àwọn ìyá wa kò ka ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé yìí kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìyá bá ń di irun ọmọbìnrin rẹ̀, tí irun náà sì ń dùn ún, kò ha ń pa àlọ́ fún un bí? Nígbà tí ọmọ bá ṣubú tí ó ń sunkún, kò ha ń ki í ní oríkì rẹ̀, títí ẹkún yóò fi di ẹ̀rín? Nígbà tí eyín rẹ̀ bá sì já, a kì í jẹ́ kí ó dúró máa wo ẹ̀jẹ̀. A ó ní kí ó ju eyín náà sórí òrùlé, kí ó sì kọrin, ọ̀ràn náà a sì di eré. Awò yìí jẹ́ ọmọ ìyá àlọ́ àti oríkì. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé awò náà ń mú èrìgì kú. Kò ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe bá gba oògùn, ọmọ náà gbọ́dọ̀ gba oògùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àwòrán rọ́pò oògùn ń fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òmíràn nínú àwọn ọmọ, orí a máa yí i, èébì a sì máa gbé e bí ó bá wọ̀ ọ́. Òmíràn a tún bẹ̀rù sí i nítorí kò rí ojú oníṣègùn mọ́. Òbí ọmọ tí gìrì tàbí wárápá ń mú gbọ́dọ̀ sọ fún oníṣègùn kí a tó gbé e sí i lójú. Ilé-iṣẹ́ Meta, tí ń ṣe ọ̀kan nínú àwọn awò tí ó gbajúmọ̀ jù, kò ṣe é fún ọmọ tí kò tó ọdún 10. Àwọn oníṣègùn kan ti lò ó fún àwọn tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lójú ara wọn. Èyí kò wá sọ ọ́ di ohun ìṣeré tí a ń fi sílẹ̀ fún ọmọ ní yàrá. Òbí lè fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: Ṣé a ti nu awò náà mọ́ lẹ́yìn ẹni tí ó lò ó kẹ́yìn? Ṣé kò ní bo imú ọmọ mi? Àmì wo ni ọmọ yóò fi hàn bí ó bá fẹ́ kí a dúró? Kí ọmọ gbé ọwọ́ òsì sókè tó, ṣùgbọ́n kí a ti jọ fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀ ṣáájú.

Nísinsìnyí, a fẹ́ sọ ohun tí ó mú wa kọ ìwé yìí. Awò lè bo ojú ọmọ fún ogún ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n kò lè pa ohun tí a ti ń sọ sí i létí fún ọdún mẹ́fà rẹ́. Ta ni nínú wa tí kò tí ì gbọ́ nínú ilé onígbàgbọ́ pé, “Bí o kò bá jẹun, mà á mú ọ lọ gba abẹ́rẹ́,” tàbí pé, “Máa pariwo o, dókítà ń bọ̀ wá yọ gbogbo eyín rẹ”? Nígbà tí a bá sọ oníṣègùn di ìjìyà, ẹ̀tọ́ wo ni a ní láti bínú nígbà tí ọmọ bá sá fún un? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti ilé náà ni ọmọ ti ń kó ẹ̀rù lọ sí ilé-ìwòsàn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa náà ti fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2003 àti 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Morẹ́nikẹ́ Foláyan, oníṣègùn eyín ọmọdé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kọ̀wé nípa ẹ̀rù ìtọ́jú eyín láàrin àwọn ọmọdé, àti bí àṣà ìbílẹ̀ ti ń yí ọ̀nà tí ọmọ ń gbà fi ẹ̀rù hàn padà. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. A ti kọ́ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n dákẹ́ níwájú àgbà, kí wọ́n má sì ta ko ẹni tí ó jù wọ́n lọ. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jókòó jẹ́ẹ́ lórí àga oníṣègùn lè jẹ́ ọmọ tí ẹ̀rù ti mú láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kí a wo ọwọ́ rẹ̀ bí ó bá di àga mú gírígírí. Kí a wo ojú rẹ̀ bí ó bá ń wá ojú ìyá rẹ̀ kiri. Àìsunkún nìkan kọ́ ni ìfọ̀kànbalẹ̀.

Kí ni kí òbí ṣe? Èkíní, kí ó mú ọmọ lọ kí eyín tó dùn ún. Bí eyín àkọ́kọ́ bá ti yọ, tàbí kí ọmọ tó pé ọdún kan, ó tọ́ kí oníṣègùn eyín ti rí i. Ọmọ tí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ lọ́jọ́ tí kò sí ìrora, tí a ka eyín rẹ̀ fún un tí a sì yìn ín, yóò padà lọ láìsí ìjà. Èkejì, kí a má purọ́ fún un. Ẹni tí ó wí pé, “Kò ní dùn ọ́ rárá,” tí ó sì wá dùn ún, ti ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ lójú ọmọ náà. Ó sàn kí a wí pé, “Yóò ta ọ́ díẹ̀, yóò sì tètè tán, èmi náà wà níbí.” Ẹ̀kẹta, kí a fi sùúrù sílẹ̀ fún oníṣègùn láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọdún 1959 ni oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Addelston ti kọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà kan tí a kò tí ì pa tì: kí a kọ́kọ́ sọ fún ọmọ ohun tí a fẹ́ ṣe, kí a fi hàn án, kí a tó wá ṣe é. Ọ̀nà yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ̀kẹrin, kí ilé má ṣe ya iṣẹ́ sílẹ̀ fún oníṣègùn. Kòkòrò inú ẹnu ń sọ ṣúgà di omi kíkan tí ń jẹ eyín. Nítorí náà kí bísíkíìtì àti ohun mímu aládùn má di oúnjẹ ojoojúmọ́, kí a sì fi ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride fọ eyín ọmọ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì kan ti tó fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 3.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn ẹgbẹ́ inú ìjọ, tí í máa ń fẹ́ ta ilé-ìwòsàn lọ́rẹ. Ó dára bí ẹgbẹ́ kan bá lè ra awò yìí fún yàrá ìtọ́jú eyín ọmọdé ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn oníṣègùn ibẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n ṣe aláìní. Bí ó bá jẹ́ pé oògùn tí ń mú èrìgì kú, tàbí iná mànàmáná, tàbí omi ni ó ń wọ́n wọn, ìyẹn ni kí a fún wọn ná. Awò tí ó dára jù lọ kò wúlò fún ọmọ tí kò rí oògùn gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò wúlò fún èyí tí baba rẹ̀ kò rí owó tí yóò fi mú un dé ibẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá san owó ìtọ́jú ọmọ opó kan ti ṣe iṣẹ́ tí kò kéré sí ti ẹni tí ó ra ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin òbí wa, Olúwa wa gba àwọn ọmọdé mọ́ra nígbà tí àwọn àgbà ń fẹ́ lé wọn sẹ́yìn. Ìtọ́jú tí ó bá gba ẹ̀rù ọmọdé sí ọ̀rọ̀ gidi, tí kò fi í ṣẹ̀sín, tí kò sì fi ipá dè é mọ́ àga, ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ ni. Bí ohun-èlò titun bá wà tí ó lè ṣe ìrànlọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a fi ọpẹ́ gbà á. Ṣùgbọ́n láti alẹ́ òní, kí ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé yìí jọ pinnu nínú ilé yín pé a kò ní fi oníṣègùn dẹ́rù ba ọmọ mọ́, ìbáà jẹ́ lórí oúnjẹ, ìbáà jẹ́ lórí oorun. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pe àbíkẹ́yìn yín wá sẹ́bàá àtùpà, kí ẹ ní kí ó la ẹnu, kí ẹ sì jọ ka eyín rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà tí oníṣègùn bá wí pé kí ó la ẹnu, yóò ti mọ ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.